Bàsíà kan, epo pupa díẹ̀: bí a ṣe lè kọ́ ọmọdé nípa epo rọ̀bì tó dà sínú omi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ọṣẹ ni mo fi parí rẹ̀. Mo da epo sínú omi, a wò ó, mo kán ọṣẹ olómi sí i, epo sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ bàsíà, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo ti ń nu ọwọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì bèèrè pé, "Àǹtí, ṣé ẹja lè máa gbé inú ẹ̀ báyìí?" Mo wo inú bàsíà. Omi náà rí bí èyí tí a fi fọ ìkòkò ọbẹ̀. Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, a kì í sáré lọ síbi ọṣẹ mọ́, a sì máa ń wọn epo tó wọ inú omi àti èyí tí a rí kó jáde.

Òbí tàbí olùkọ́ tó ní ọmọ mẹ́rin sí mẹ́wàá lọ́wọ́ ni mo kọ ìlànà yìí fún, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá kéré gan-an, ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, nítorí sùúrù ọmọ ọdún márùn-ún kì í pẹ́ tán. Abẹ́ ibòji níta ló dára jù. Ẹni tó bá ṣe é ní pálọ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ wá bàsíà ńlá tó funfun, torí epo kì í hàn nínú èyí tó dúdú. Ẹ wá ìgò jáàmù méjì tó rí bákan náà, àti ife kékeré tó máa ń wà lórí ìgò oògùn ọmọdé, èyí tí wọ́n fa ìlà 10 mílílítà sí lára. Òun la máa fi wọn epo. Lẹ́yìn náà, yanrìn tí ẹ ti fọ̀, ìyẹ́ adìẹ, ṣíbí, òwú láti ilé oògùn, fóòmù tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ìbọ̀sẹ̀ àlòkù, pòpórò àgbàdo tó gbẹ, okùn tínrín, ẹyọ ìgbálẹ̀ díẹ̀, àti irun tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gẹ irun. Bí igi àràbà bá wà ládùúgbò yín, tí èso rẹ̀ sì ti là, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣa òwú rẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Epo wo ni kí ẹ lò? Epo pupa ni mo fẹ́ràn jù. Ó wà nílé, àwọ̀ rẹ̀ hàn, ọmọ tó bá sì fi ọwọ́ kan ẹnu kò ní ṣàìsàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dì láàárọ̀ ọyẹ́ (ẹ gbé e sóòrùn kó yọ́), àbàwọ́n rẹ̀ lára yunifọ́ọ̀mù sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ìyá ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó jọ epo rọ̀bì gan-an lè po kókò oníyẹ̀fun tí kò ní ṣúgà mọ́ òróró títí tí yóò fi dúdú.

Ẹ má lo pẹtiróòlù, kẹrosíìnì, dísù tàbí ọ́ìlì àlòkù tí mẹkáníìkì dà nù. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nǹkan gidi ló yẹ kí ọmọ fojú rí. Òórùn rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń wọ inú awọ ara, ó sì lè gbiná. Epo ọbẹ̀ ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: èwo ló máa wà lókè?

Ẹ bu omi dé ìdajì ìgò oníke kan, ẹ gbé epo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n kí ẹ tó da ohunkóhun pọ̀: tí a bá dà wọ́n pọ̀, èwo ló máa wà lókè? Ẹ kọ èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo kíláàsì tí mo ti ṣe é, àwọn kan máa ń ní epo ló máa rì, nítorí pé epo ki ju omi lọ. Èrò yẹn dára, ẹ má dá a nù. Ọmọ tó sọ bẹ́ẹ̀ ti ń ronú. Ohun tó ki àti ohun tó wúwo ló kàn ń dàrú mọ́ ọn lójú.

Ẹ da epo sí i, ẹ dé ìgò pa, kí ẹ sì gbé e fún wọn kí wọ́n mì ín títí apá á fi ro wọ́n. Ẹ gbé e kalẹ̀. Epo á tún gòkè. Ẹ ṣe é ní òdìkejì: ẹ kọ́kọ́ da epo sínú ìgò mìíràn, kí ẹ wá rọra da omi lé e lórí. Epo á tún wá ọ̀nà dókè. Ìgbà yìí ni ariwo máa ń sọ.

Láti fi ìdí rẹ̀ hàn, ẹ so ife oníke méjì tó dọ́gba mọ́ apá méjèèjì hángà tí a fi ń kọ́ aṣọ, ẹ bu omi kún ọ̀kan, ẹ bu epo kún èkejì dé ojú ìlà kan náà. Apá omi á tẹ̀ sílẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan; lítà epo pupa kan máa ń jẹ́ bíi 900 gíráàmù. Ọ̀pọ̀ epo rọ̀bì náà fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí nìyí tó fi ń tẹ́ sójú òkun bí aṣọ. Fún ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ dúró síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá òkun tiyín sílẹ̀

Ẹ kó yanrìn sí ìpẹ̀kun bàsíà kan, kí ó dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí etíkun. Ẹ gún ẹyọ ìgbálẹ̀ bíi mẹ́wàá sínú rẹ̀ létí omi. Àwọn yẹn ni igi ẹ̀gbà, igi tó máa ń dúró sínú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta. Ẹ bu omi sí i títí yóò fi kan ẹsẹ̀ àwọn igi náà. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi bébà ṣe ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Kí epo tó dé, ẹ sọ ẹni tó ń gbé etíkun yẹn fún wọn. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tí mo ń kọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò rí òkun rí. Mo máa ń sọ ti àwọn Ìlàjẹ fún wọn, àwọn ará Ayétòrò àti Awóyè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ pé orí òpó nínú omi ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ lọ síbi tí àwa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé. Mo máa ń sọ fún wọn pé Yorùbá ni àwọn náà, àti pé kànga epo wà nínú òkun iwájú ilé wọn. Ìdí ni pé ọmọ kò ní káàánú omi tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Ó yá, epo. Ife oògùn mẹ́rin, ìyẹn 40 mílílítà. Ẹ kọ iye náà sára pátákó. Ẹ má dà á gbàgà. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ láti ojú kan bí páìpù tó ń jò. Kí àwọn ọmọ wo bó ṣe ń tẹ́. Kí ọ̀kan nínú wọn wá fi ìwé fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹ̀yìn, epo á gbéra, á máa lọ sí etíkun, kò ní dúró títí tí yóò fi kan ẹsẹ̀ igi ẹ̀gbà.

Ibí yìí ni mo ti máa ń sọ ti Idoho. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, páìpù kan bẹ́ lójú òkun Akwa Ibom, láàárín pèpéle ìwakùsà Idoho àti ibùdó Qua Iboe. Epo tó tú jáde tó bíi 40,000 àgbá, ìgbì àti atẹ́gùn sì gbé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí ó fi dé etíkun Èkó. Ọmọ kò mọ ohun tí àgbá jẹ́. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 hàn án: mẹ́fà tó kún àti díẹ̀ lé ni àgbá kan. Ẹ ní kó ronú kan 40,000 irú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìyẹ́

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà ni kí ẹ ti gba ìyẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ sì fi ìka méjì tọ́ ọ láti ìdí dé ṣóńṣó kó lè tẹ́. Ẹ má fi ṣíṣàn yẹn ṣeré: ọṣẹ tó bá kù lára ìyẹ́ ni yóò jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, ìdánwò yín á sì dàrú lójú gbogbo kíláàsì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìyẹ́ kan, kó kán omi sí i. Omi á yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó ti ìyẹ́ bọ epo inú bàsíà, kó gbé e sókè, kó tún kán omi sí i. Ìyẹ́ ti lẹ̀ pọ̀, ó ti wúwo. Ẹ bi wọ́n pé: ẹyẹ tí gbogbo ara rẹ̀ rí báyìí, ṣé ó lè fò? Àwọn àgbà nínú wọn lè gbọ́ èyí tó kù: afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ ló ń mú kí ara ẹyẹ móoru; bí epo bá lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde, omi á kan awọ ara, òtútù á mú un. Ẹyẹ náà á tún máa fi ẹnu tún ìyẹ́ ṣe bó ti máa ń ṣe, á sì máa gbé epo mì.

Ẹ fún wọn láàyè láti fọ ìyẹ́ náà. Omi tútù lásán kò ní ran án. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ máa ràn án díẹ̀, àmọ́ yóò pẹ́. Ìyẹ́ kan péré nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kó o jáde

Ibí lọ́jà ti kún, ẹ má kánjú. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pète ohun tó máa ṣe kó tó fọwọ́ kan omi. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ohunkóhun tí ẹ bá kó jáde, inú ìgò jáàmù ni kí ó wọ̀.

Ìdínà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gé pòpórò àgbàdo sí wẹ́wẹ́, ẹ fi okùn sín in bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ nà án yí epo ká. Ó ń léfòó, epo kò sì ní lè kọjá, àyàfi tí ẹnì kan bá rú omi. Kí ẹnì kan rú omi. Epo á gba orí àti abẹ́ rẹ̀ kọjá, bó ṣe máa ń rí lójú òkun nígbà tí ìgbì bá le. Ìdínà kò kó epo, ó kàn ń dá a dúró fún ẹni tó máa kó o ni.

Lẹ́yìn náà, ṣíbí. Gbogbo ọmọ ló máa ń rò pé ṣíbí ló máa borí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n wá wo inú ìgò: omi ló pọ̀ níbẹ̀ ju epo lọ.

Àwọn ohun tó ń fa epo mu ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú omi lásán tí kò ní epo. Òwú ilé oògùn á mu omi yó, á rì. Fóòmù náà á mu omi. Òwú àràbà á jókòó sórí omi bí ẹni pé kò sí nǹkan tó kàn án. Ẹ wá gbé wọn lọ sínú epo. Òwú àràbà tó kọ omi ni yóò máa fa epo mu, nítorí ìda tín-tìn-tín tó wà lára fọ́nrán rẹ̀ ń lé omi, ihò inú rẹ̀ sì ń gba epo. Òwú tí ìyá àgbà ń kì sínú ìrọ̀rí ti borí èyí tí a fowó rà ní ilé oògùn. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé ìyẹn.

Irun náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ kì í sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ yí i lójú omi. Ọkùnrin kan tó ń ṣe irun fún àwọn ènìyàn ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, Phil McCrory, ló ronú kàn án nígbà tó rí àwòrán ẹranko omi tí epo ti bo irun ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi agbépo Exxon Valdez forí sọ òkúta abẹ́ omi ní Alaska ní oṣù kẹta ọdún 1989. Ó ní bí irun ẹranko bá lè gba epo tó bẹ́ẹ̀, irun tí òun ń gbá dànù lójoojúmọ́ náà á gbà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ fún gbogbo ohun tó mu epo sínú ìgò jáàmù, kí ẹ jẹ́ kí ìgò náà sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Epo á dúró lókè, omi nísàlẹ̀. Nínú ìgò kejì, ẹ bu omi àti 40 mílílítà epo tuntun. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwọn ọmọ fi rúlà wọn bí epo ṣe nípọn tó nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti mọ ìdá lè ṣírò rẹ̀; ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lè fi ìka wọ̀n ọ́n.

Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́ rí nǹkan bí ife méjì àbọ̀ gbà nínú mẹ́rin. Bàsíà nìyẹn o, kò sí ìgbì, kò sí òru. Nígbà tí kànga epo tí pèpéle ìwakùsà Deepwater Horizon ń gbẹ́ bẹ́ ní Gulf of Mexico ní 2010, ọjọ́ 87 ni epo fi tú jáde, ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣírò lọ́dún náà pé èyí tí wọ́n rí gbá kúrò lójú omi jẹ́ ìdá 3 nínú 100. Mo máa ń to ẹ̀wà 100 sórí tábìlì, kí ọmọ kan wá mú mẹ́ta kúrò. Mi ò kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọṣẹ

Nísinsìnyí, ẹ lè mú ọṣẹ jáde. Ẹ bu omi inú bàsíà díẹ̀ sínú ìgò kan, ẹ fi epo díẹ̀ kún un, ẹ kán ọṣẹ sí i, ẹ mì ín. Epo kò kóra jọ sókè mọ́; ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ káàkiri inú omi, omi sì dà bí ògì tí a fi omi là. Ọṣẹ fi orí kan di epo mú, ó fi èkejì di omi mú. Ẹ bi wọ́n bí epo náà bá ti lọ. Kí wọ́n jiyàn. Ní Gulf of Mexico, wọ́n lo bíi 7 mílíọ̀nù lítà oògùn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ń dín epo tó ń dé etíkun kù, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí tó ń jẹ epo sì lè tètè rí i jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹja nísàlẹ̀ náà ló ń gbé epo lọ. Mi ò kì í dájọ́ fún wọn bóyá ó dára tàbí kò dára. Àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: etíkun

Àwọn ọmọ á ti fẹ́ dìde. Ẹ dá wọn dúró díẹ̀ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fọ yanrìn yẹn. Kí wọ́n da omi tó mọ́ sí i, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n tún da òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, epo ṣì ń jáde. Kí wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tu, kí wọ́n wo ibi tí epo bò lára rẹ̀. Gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mí. Bí epo bá dí wọn, igi á kú, ibi tí akàn àti ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí á sì lọ.

Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ògóní, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, kún un. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde níbẹ̀ ní 2011: ní abúlé kan ní Ogale, ohun olóró tí wọ́n ń pè ní benzene wà nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó sì ju 900 ìgbà lọ lórí ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Wọ́n ní títún ilẹ̀ náà ṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ẹ ní kí ọmọ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà.

Wọ́n á bi yín pé, "Ta ló dà á?" Ẹ sọ òótọ́ fún wọn: nígbà mìíràn páìpù ti gbó, wọn kò sì pààrọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn àwọn ènìyàn ló dá a lu láti jí epo, nígbà mìíràn ọkọ̀ ló forí sọ nǹkan. Ẹ má dá gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lórí nítorí pé ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó ń mójú tó o ní Nàìjíríà, NOSDRA ni orúkọ àjọ náà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2006.

Palẹ̀mọ́

Ẹ má da omi bàsíà yìí sínú gọ́tà. Ọmọ kan ló máa kọ́kọ́ rí yín, á sì bèèrè ibi tí gọ́tà ń lọ. Ẹ da ìyẹ̀fun igi láti sọ́míìlì tàbí ìwé ìròyìn tí ẹ ya wẹ́wẹ́ sí i kó mu epo tó kù, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ó bá pàǹtírí lọ. Ìyẹ́, irun àti òwú, inú ọ̀rá kan náà. Kí gbogbo ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ fi yanrìn díẹ̀ pamọ́ sínú ìgò jáàmù kan, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé. Láràárọ̀, kí ọmọ kan da omi sí i, kó wò ó, kó kọ ohun tó rí sínú ìwé kíláàsì, kó tún da omi náà sínú ọ̀rá ìyẹ̀fun igi. Ti sáà tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ mi: "Ọjọ́ kìíní, epo wà. Ọjọ́ kejì, epo wà." Ní ọjọ́ kọkànlá ni ọmọ tí iṣẹ́ náà kàn kọ ọ́ pé: "Epo wà, ó sì ti ń rùn."